Àjẹkù Ìdí Fáìlì

Orí kíbọọ̀dù ni Ọ̀gá ti ń jẹ sàdíìnì. Kì í ṣe pé ó gbé agolo sí ẹ̀gbẹ́ kíbọọ̀dù o. Orí àwọn nọ́ńbà gan-an ló gbé e lé, ó ń fi búrẹ́dì nu òróró inú rẹ̀, òróró náà sì ń kán sáàárín àwọn bọ́tìnnì bí omi òjò tó ń wá ihò ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó jókòó sí tábìlì kejì yí ojú sí ògiri. Ọdún kan àti oṣù méjì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yìí, kò sì sí ọ̀sán kan tí oúnjẹ Ọ̀gá kò kọjá lójú rẹ̀ kó tó kọjá ní ọ̀fun ẹni tó ni ín.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì mú. Ọ̀gá yìí kì í ṣe àjèjì sí i, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Bó bá wà nílé, Bùọ̀dá ló ń pè é. Bó bá dé ọ́fíìsì, ó di Ọ̀gá. Yàrá kan lẹ́yìn ilé wọn ni Abẹ́rẹ́ ń gbé, ọbẹ̀ wọn ló ń jẹ, iṣẹ́ wọn ló ń ṣe. Ẹni tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í tètè sọ pé ọ̀nà tí onílé ń gbà jẹun ń rí òun lára.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n ń wá fáìlì tó sọnù jáde fún ẹni tó sọ ọ́ nù, wọ́n sì ń tẹ̀wé. Atẹ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin tó ń tẹ̀wé náà. Ó dàgbà ju Ọ̀gá lọ, ó sì máa ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ ewúrẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ a máa ṣáájú àpárá; bí Ọ̀gá bá ti la ẹnu, Atẹ̀wé ti ń rẹ́rìn-ín. Yàrá náà ní fèrèsé kan ṣoṣo, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n tú palẹ̀ sì kún orí ilẹ̀. Aáyán ló ń gbé inú wọn. Lọ́jọ́ kan tí Abẹ́rẹ́ ṣí ọ̀kan, aáyán bí ogún ya jáde lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹyin wọn, ó sì ju irinṣẹ́ nù. Ọ̀gá ní kó má lé wọn, òṣìṣẹ́ ni àwọn náà.

"Ẹ gbọ́ èyí," Ọ̀gá wí, búrẹ́dì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. "'Ìdí ń yún un láti ìgbà òjò. Ó ti lo ìpara, kò gbọ́.'"

"Ìpara ni kò gbọ́ àbí ìdí?" Atẹ̀wé bi í.

"Ẹ fara balẹ̀, ó kù. 'Kò fẹ́ kí dókítà ọkùnrin wo òun.'"

"Ta ló ní òun fẹ́ wò ó?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Atẹ̀wé. Ọ̀gá fi ọwọ́ olóróró nu ojú, ó sì fi ọwọ́ kan náà yí máòsì lọ sísàlẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Abẹ́rẹ́ ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́sàn-án. Ó rò pé ara àwọn àpárá tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ kiri ni, kò sì béèrè. Ọ̀ràn tirẹ̀ wà nílẹ̀ tó ju ti ìdí tó ń yúnni lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Màdáámù ilé ìyàwòrán pè. Ilé ìyàwòrán yìí ni wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara fún àwọn aláìsàn, egungun, ikùn, àyà, ohun gbogbo tí dókítà bá fẹ́ rí. Ẹ̀rọ wọn ti gbó, ó sì ní ìwà kan. Yálà ìka ọwọ́ lo gbé síwájú rẹ̀ tàbí odidi ẹ̀yìn, fáìlì kan náà ní gígùn ló máa fún ọ, bíi télọ̀ tó ń gé ọ̀pá mẹ́fà fún ọmọ ọwọ́ àti fún àgbà. Bí àwòrán bá kéré ju fáìlì lọ, ẹ̀rọ á fi pàǹtírí dí ìyókù. Ẹ̀rọ tuntun tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò sì gba pàǹtírí. Bó bá ti rí i pé ìdí fáìlì gùn ju bí orí rẹ̀ ṣe sọ lọ, á ti ilẹ̀kùn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, irinwó àwòrán ni Màdáámù kó wá sínú díìskì kan, kí wọ́n gé pàǹtírí náà kúrò.

"Bá wọn gé ìdí ẹ̀," ni Ọ̀gá sọ fún Abẹ́rẹ́ nígbà náà, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ kọ ètò kékeré kan fún un, tí kò tó ọgọ́ta ìlà, ní èdè C, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní èdè C. Inú ìwé kan tó yá, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya lọ, ló ti kọ́ ọ, ó sì kọ́ òfin kan mọ́ ọn tí kì í fi í ṣeré: ohun tí o bá gé, tọ́jú rẹ̀ títí ẹni tó ni iṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ètò rẹ̀ ń ka gígùn àwòrán láti orí fáìlì, á da àwòrán sí ibì kan, á sì da ìdí tó gé kúrò sínú fáìlì ńlá kan, ti àkọ́kọ́, ti ìkejì, ti ìkẹta, ní ẹsẹẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ó sọ fáìlì ńlá náà ní Àjẹkù. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ èyí. Ìmọ́tótó tirẹ̀ ni.

Ìyẹn ni ti ìgbà náà. Láàárọ̀ yìí, ohùn Màdáámù jáde nínú fóònù Ọ̀gá, gbogbo ọ́fíìsì sì gbọ́ ọ.

"Egungun àwọn ènìyàn mi ò pé. Èyí dé ìbàdí, ó di dúdú. Èyí dé orúnkún, ó di dúdú. Ṣé ẹ gé egungun mọ́ pàǹtírí ni?"

"Ẹ ní ká gé ìdí, Màdáámù," Ọ̀gá wí, "a sì gé e."

Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Ó ka nọ́ńbà àwòrán mẹ́ta, ó ní kí wọ́n wo ìwọ̀nyẹn ná, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé. Ìtìjú mú un débi pé kò jẹun lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn sàdíìnì náà nìkan tó ohun tí í lé ebi lọ.

Nígbà tí Ọ̀gá àti Atẹ̀wé jẹun tán, Abẹ́rẹ́ ṣí àkọ́kọ́ nínú àwòrán mẹ́ta náà, kì í ṣe bí àwòrán, bí nọ́ńbà ni. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni gbogbo àwòrán. Òdo ni dúdú kirikiri. Igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta, 255, ni funfun báláú. Abẹ́rẹ́ fẹ́ràn láti máa wò wọ́n báyìí. Ó máa ń dà bíi pé èèyàn ń rìn lórí ara aláìsàn náà lẹ́sẹ̀ lásán, láti inú òkùnkùn ẹran lọ sí etí egungun, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rìn títí ó fi dé ibi tí àwòrán tó gé ti dúró. Nọ́ńbà tó kàn nínú ojúlówó fáìlì náà jẹ́ 255. Ó ṣí ìkejì. 255. Ó ti mọ̀ kó tó ṣí ìkẹta.

Ọ̀rọ̀ náà kò le, òun ló mú kó dunni. Ètò rẹ̀ ń ka fáìlì ní nọ́ńbà kan tẹ̀lé òmíràn. Bí fáìlì bá tán, èdè C á fi àmì kan ránṣẹ́ pé ó ti tán. Inú àpótí ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní int, ló yẹ kí èèyàn fi gba àmì yìí. Abẹ́rẹ́ fi àpótí kékeré gbà á, char. Nínú àpótí kékeré, àmì "ó ti tán" àti nọ́ńbà 255 jọ ara wọn bí ìbejì. Nítorí náà, níbikíbi tí ètò rẹ̀ bá ti pàdé funfun tó funfun jù lọ, orí egungun, eyín, irin tí wọ́n fi de itan ẹni tó ṣubú, á gbà pé àwòrán parí, á fi ìyókù rẹ̀ sílẹ̀, á sì fò lọ gé ìdí. Àwòrán ikùn kan ṣoṣo ló fi dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀, ikùn rírọ̀ tí kò ní egungun kankan. Ẹni tó ń gé egungun tó sì fi ìṣù ẹran dán ọ̀bẹ wò. Ó kórìíra ara rẹ̀ fún un.

Ó yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, char di int. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò fẹ́ gba ètò náà gbọ́ lásán. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí àwòrán parí sí ní tòótọ́, kó sì rí pàǹtírí tó tẹ̀lé e. Ó rìn wá sí ìdí fáìlì àkọ́kọ́. Ó rò pé òdo lòun máa bá, òdo lórí òdo. Ní apá ọ̀tún, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi lẹ́tà hàn bí nọ́ńbà bá jẹ́ lẹ́tà, ó rí ọ̀rọ̀.

Ìdí ń yún un láti ìgbà òjò. Ó ti lo ìpara, kò gbọ́.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó yé e, ó sì dà bíi pé ó ti fi ọwọ́ kó nǹkan tútù kan nínú òkùnkùn. Lórí ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń yàwòrán ni akọ̀wé ilé ìyàwòrán ti ń tẹ ẹjọ́ tí aláìsàn bá rò. Bí ẹ̀rọ bá wá ń wá ohun tó máa fi dí ìyókù fáìlì, ohun tó wà ní ìrántí rẹ̀ gbẹ̀yìn ló máa ń dà sí i. Ẹjọ́ obìnrin kan á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orúnkún ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, obìnrin náà kò sì ní mọ̀ láé.

"Ọ̀gá," ó pè é. "Ohun tí ẹ máa ń kà lọ́sàn-án yìí, inú Àjẹkù ni?"

"Inú kí ni ìbá tún jẹ́?" Ọ̀gá ń fi igi ìgbálẹ̀ kan ta eyín. "O ṣe é dáadáa, mi ò purọ́. Gbogbo ẹ̀ wà ní ẹsẹẹsẹ. Ogún lójúmọ́ ni mò ń jẹ. Bí mo bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á tán."

"Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn mà ni."

"Ṣé orúkọ wọn wà níbẹ̀ ni? Nọ́ńbà fóònù lásán. Ta ló mọ̀ wọ́n?"

"Àwọn náà ò mọ̀ wá," Atẹ̀wé wí. "Ọmì ni."

"Ibo lẹ kà á dé?" Abẹ́rẹ́ bi Ọ̀gá.

"Mo parí igba lónìí. Lọ́la mo wọ inú igba lé." Ó yọ ohun kan láàárín eyín, ó wò ó, ó sì dá a padà sẹ́nu. "Kí ló dé, o fẹ́ bá wa jẹ ni?"

Ìríra ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bo Abẹ́rẹ́, kó tó kan ti Ọ̀gá. Ta ló ṣe àwo tí ọkùnrin yìí fi ń jẹun? Òun ni. Òun ló kó o jọ, òun ló tò ó, òun ló fi nọ́ńbà sí i kí ẹni tó ń jẹ má bàa ṣìnà. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, tó da gbogbo ìdí nù bó ti ń gé wọn, kò sí ẹni tí ì bá rí nǹkan kan.

Ìkẹta nínú nọ́ńbà Màdáámù ló kù, ìbàdí yẹn, àwòrán igba ó lé méje. Kò fẹ́ ka ìdí rẹ̀. Ó ní ibi tí àwòrán tán nìkan lòun máa wò. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí ọ̀rọ̀ kó má kà á.

Oyún kejì tó bàjẹ́ ní ọdún yìí. Ó ní kí a má pe ọkọ. Nọ́ńbà yìí nìkan ni kí ẹ pè.

Nọ́ńbà náà wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní láti kà á tán. Ojoojúmọ́ ló ń pe nọ́ńbà náà láti béèrè ohun tí òun máa rà bọ̀ nílé. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ó pa ojú kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀sẹ̀ kan wà lọ́dún yìí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀, tó ní ibà ni, tó kọjú sí ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ibí yìí ni Ọ̀gá jókòó sí, tó ń sọ fún Atẹ̀wé àti oníbàárà méjì pé ìyàwó òun ti rí ibùsùn rà, kò fẹ́ tà á mọ́. Ó ti sọ fún wọn bí ó ṣe ń hanrun. Ó ti sọ fún wọn ohun tí ìyá òun máa ń béèrè nípa ọmọ lórí fóònù, àti èsì tí ìyàwó òun ń fún un, ó sì ti fi ohùn ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu Ọ̀gá kì í ṣe ẹnu ìkà. Agbọ̀n ni. Ohunkóhun tí o bá bù sí i, á máa jò lọ lójú ọ̀nà títí yóò fi délé.

Lọ́la, tí Ọ̀gá bá jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, ìkeje nínú ogún tó máa kà ni ẹjọ́ yìí yóò jẹ́. Òun náà mọ nọ́ńbà yẹn sórí.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dé ọ́fíìsì kí Atẹ̀wé tó dé. Ọ̀gá ti lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ kan, kò ní dé títí di ọ̀sán. Ó ṣí ètò rẹ̀, ó sì pa àwọn ìlà tó ń da ìdí fáìlì sínú Àjẹkù rẹ́. Ìlà kan ló fi sílẹ̀, ìyẹn ìlà tó ń ṣí Àjẹkù láti kọ nǹkan sí i. Ní èdè C, bí o bá ṣí fáìlì láti kọ nǹkan tuntun sí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ kí o tó kọ lẹ́tà kan. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ tó kí omi hó. Irinwó àwòrán tuntun dà sórí ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wà tẹ́lẹ̀, kí Ọ̀gá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá ohun tó sọnù, má bàa rí nǹkan wú jáde. Ó yẹ àwọn egungun wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbàdí pé, orúnkún pé. Ó yẹ Àjẹkù wò. Òdo.

Díìskì tí Màdáámù kó wá ló kù. Gbogbo ìdí ṣì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Abẹ́rẹ́ pè é, obìnrin náà sì wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, nítorí Màdáámù wo inú ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì wọlé.

"Egungun ti pé, mà," Abẹ́rẹ́ wí. "Àṣìṣe mi ni. Ohun kan tún wà. Ẹ̀rọ yín ń kọ ẹjọ́ àwọn ènìyàn sí ìdí àwòrán. Ohun tí wọ́n ń sọ fún akọ̀wé. Pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù."

Màdáámù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló ti kà á?"

Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀. Bó bá dárúkọ Ọ̀gá, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ariwo náà máa padà sùn.

"Mo kà nínú ẹ̀, mà."

Màdáámù wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì. "Ìwọ tí ojú ẹ mọ́ tónítóní yìí," ó wí. Ó gba díìskì, ó gba àwọn àwòrán tuntun, kò sì dúpẹ́. Abẹ́rẹ́ padà sídìí tábìlì, ó wẹ ọwọ́, ó sì tún wẹ̀ ẹ́.

Ẹyin sísè ni Ọ̀gá mú dé lọ́sàn-án. Ó bó o sórí kíbọọ̀dù, ó fi iyọ̀ wọ́n ọn, ó sì ṣí Àjẹkù.

"Abẹ́rẹ́. Àwo mi ti ṣófo."

"Mo tún ètò náà ṣe, Ọ̀gá. Kì í tọ́jú ìdí mọ́."

"Dá a padà sí bó ṣe wà. Díìskì dà?"

"Màdáámù ti wá gbà á."

Ọ̀gá dá ẹnu dúró. Pupa ẹyin lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀. Kò bínú rárá. Ó ń ronú, èyí sì burú ju ìbínú lọ, nítorí Ọ̀gá kì í ṣe òmùgọ̀. Ibi tí fáìlì tó sọnù bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ló fi ń wá a rí.

"Lánàá o bi mí ibi tí mo kà á dé," ó wí. "Mo ní igba. Lónìí, kò sí mọ́. Ohun kan wà lẹ́yìn igba tí o ò fẹ́ kí n rí."

"A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán," Atẹ̀wé wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o gbọ́? Ta lò ń bò?"

Ní gbogbo ìlú yìí, ènìyàn mélòó ni Abẹ́rẹ́ ní tó lè torí wọn sáré nínú ẹ̀gún? Ẹnìkan péré. Bó bá dákẹ́ títí ọkùnrin yìí yóò fi ka ìka, ìka kan ṣoṣo ló máa kà.

"Tèmi ni," ó wí.

"Tìẹ bíi ti kí ni?"

"Mo lọ síbẹ̀. Oyún ni. Ó bàjẹ́."

Ọ̀gá súfèé. Ó wo Atẹ̀wé kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Atẹ̀wé ti yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ tín-ín-rín báyìí," Ọ̀gá wí. "Ta ló fún ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi? Lẹ́nu tèmi?" Ó ju ìyókù ẹyin sẹ́nu. "Jókòó, jàre."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ nílé. Ìrẹsì ni. Ẹ̀gbọ́n ló bù ú, ó bu ti ọkọ rẹ̀ ṣáájú, ó bu ti Abẹ́rẹ́, ó sì bu ti ara rẹ̀ gbẹ̀yìn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè kódà bó bá ń lé adìyẹ. Ọ̀gá kò tíì jẹ ṣíbí mẹ́ta tí agbọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

"Ìyàwó mi, ṣé o mọ̀ pé àbúrò ẹ ti ju ohun tí à ń pè é lọ?"

"Kí ló ṣe?"

"Bi í."

Abẹ́rẹ́ ń wo àwo rẹ̀. Ìrẹsì náà funfun, ó sì ń rí i ní nọ́ńbà.

"Oyún ló gbé lọ sílé ìyàwòrán," Ọ̀gá wí. "Ó ti bàjẹ́. Nínú ilé yìí, lábẹ́ òrùlé mi, kò sì sí ẹni tó gbọ́."

Ṣíbí ẹ̀gbọ́n dúró láàárín àwo àti ẹnu. "Ilé ìyàwòrán wo?"

"Ti Màdáámù. Àwa la bá wọn gé ìdí àwòrán wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀. Wò ó, o máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan wà tí ìdí ń yún láti ìgbà òjò, ó ní ìpara ò gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín, hóró ìrẹsì kan sì fò lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sínú ife omi. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń kà á. Ti àbúrò ẹ ló kù kí n kàn, ló bá nù ún."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Abẹ́rẹ́. Ó wò ó pẹ́. Abẹ́rẹ́ kò mọ ohun tó wà lójú òun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i.

"Ta lẹ máa ń kà á fún?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Atẹ̀wé ni. Oníbàárà náà, bí wọ́n bá bá a nílẹ̀. Ẹ̀rín lásán ni."

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Kì í ṣe tiẹ̀." Ó gbé ṣíbí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. "Tèmi ni."

"Tìẹ kẹ̀?"

"Èmi ni mo lọ. Oyún méjì. Ọ̀kan ṣáájú òjò, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní mo ra ibùsùn."

Ẹnu Ọ̀gá là sílẹ̀, ìrẹsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ó gbé e mì pẹ̀lú wàhálà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Abẹ́rẹ́ ti mọ̀ ọ́n, kò sí àpárá kankan lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi náà ni," ó wí. "O ò lè sọ fún mi?"

"Mo rò ó. Mo jókòó, mo ka gbogbo ẹni tí ẹ máa sọ fún. Nígbà tí mo kà á dé ìkeje, mo dákẹ́."

"Ọkọ ẹ ni mí."

"Mo mọ̀. Lọ́la lọ́sàn-án, tí Atẹ̀wé bá bi yín pé kí ló tún ṣẹlẹ̀, kí lẹ máa sọ fún un?"

Ojú Ọ̀gá pọ́n, ìbànújẹ́ tòótọ́ ni, Abẹ́rẹ́ kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ti ń wo ìyàwó rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ láìsí ohùn, bí ó ṣe máa ń mì bó bá fẹ́ sọ ìtàn fún oníbàárà, tó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń tò ó. Nínú ìbànújẹ́ náà gan-an, ó ti ń tò ó. Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n náà rí i. Ó dìde, ó gbé àwo tirẹ̀, ó gbé ti Abẹ́rẹ́ lé e, ó sì kọjú sí ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Dìde," ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ jẹun níbi tó mọ́."